Ta ni yóò tan iná, ta ni yóò fa bláìndì? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń sọ ìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo swíìṣì iná àti ojú fèrèsé ọ́fíìsì, tí mo ń kọ ohun tí àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń ṣe sílẹ̀, tí mo sì ń fi ìṣirò wá ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la. Ìbéèrè tí àwọn ayàwòrán ilé, àwọn ẹnjinníà, àwọn tó ń bójú tó ilé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí. Bláìndì tí mo ń sọ ni ohunkóhun tí wọ́n bá fi ń bo ojú fèrèsé: ìbáà jẹ́ èyí tó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi okùn fà, ìbáà jẹ́ èyí tó ń ká sókè bí ẹní, ìbáà sì jẹ́ kọ́tìnì lásán.

Kí gan-an ni ẹ ń sọ tẹ́lẹ̀?

Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ pé lágbájá máa dìde lágogo 3 kọjá ìṣẹ́jú 10 láti lọ pa iná. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn. Ohun tí à ń wá ni pé: bí èèyàn bá wọ yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ojú tábìlì rẹ̀ jẹ́ báyìí-báyìí, nínú ìgbà 100 tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìgbà mélòó ló máa na ọwọ́ sí swíìṣì? Bí oòrùn bá ń ta sí i lára ní ìwọ̀n báyìí, ìgbà mélòó ló máa fa bláìndì wálẹ̀? Tó bá sì ti fà á wálẹ̀, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó tún gbé e sókè?

Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí nǹkan yí padà ni mo ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ló máa ń bèèrè bóyá iná ń tàn lágogo 11 tàbí kò tàn. Ìbéèrè méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Iná tó ń tàn lágogo 11 lè jẹ́ èyí tí wọ́n tàn lágogo 8 nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò sì rántí ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Ẹni tó bá ń wá ìdí rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ agogo 11 ń wá a síbi tí kò sí.

Ṣé swíìṣì iná tó ohun tí à ń ṣe ìṣirò lé lórí ni?

Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó kọ́ ilé ńlá lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ ọ, kí wọ́n lè mọ iye iná mànàmáná tó máa jẹ lọ́dún, bí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run máa dé nínú yàrá. Kọ̀ǹpútà ò mọ èèyàn. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tí èèyàn máa ṣe fún un. Àṣà tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n to aago fún un: iná á tàn lágogo 8 àárọ̀, á kú lágogo 6 ìrọ̀lẹ́, bláìndì á wà lókè pátápátá. Àwọn míì máa ń sọ fún un pé gbàrà tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá ti tó 500 lux (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó balẹ̀ sójú nǹkan) lórí tábìlì, òṣìṣẹ́ máa dìde lọ pa iná. Iye yẹn ni ìlànà EN 12464-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù là sílẹ̀ fún kíkà, kíkọ àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo ìgbà tí mo ti ń wo àwọn òṣìṣẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí ẹni tó dìde bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í dúró sórí iná nìkan. Gbogbo wáàtì tí gílóòbù bá jẹ ló ń di ooru nínú yàrá níkẹyìn, ẹ̀rọ amúlétutù ló sì máa kó ooru náà jáde. Oòrùn tó bá gba ojú gíláàsì wọlé ń di ooru bákan náà. Tí bláìndì bá wà nílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, fèrèsé gbàgbàrà tí wọ́n náwó lé lórí ti di ògiri nìyẹn. Mo ti dúró níwájú ilé kan rí tí ìṣirò orí ìwé sọ pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run máa tó o lò lọ́pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Gbogbo bláìndì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló wà nílẹ̀, iná sì ń tàn lẹ́yìn wọn lọ́sàn-án gangan. Ó dùn mí gan-an. Àwọn tó yàwòrán ilé náà ò purọ́. Wọn ò kàn ronú kan ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ ni.

Ìgbà wo ni èèyàn máa ń tan iná?

Nígbà tó bá ń wọlé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí, òun náà ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Lọ́dún 1979, D. R. G. Hunt tẹ iṣẹ́ kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn ọ́fíìsì àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi kámẹ́rà ya fọ́tò wọn léraléra. Ohun tó hàn ni pé bí èèyàn bá máa tan iná, ìgbà tó bá wọlé ni. Bó bá sì ti tàn án, ó máa wà bẹ́ẹ̀ títí yàrá á fi ṣófo. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, ọwọ́ kì í sábà lọ sí swíìṣì. Ohun tó ń pinnu bóyá wọ́n máa tàn án ni ìmọ́lẹ̀ ibi tó ṣókùnkùn jù lórí àwọn tábìlì lásìkò tí ẹsẹ̀ wọlé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ẹni tó ń tan iná ò tó nǹkan. Bó bá ti ń wálẹ̀ lọ sí nǹkan bí 100 lux, tó sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ iye yẹn, ńṣe ni iye àwọn tó ń tàn án máa ń lọ sókè fùú. Hunt fa ìlà kan láti inú èyí, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń lò ó títí dòní.

Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ojú máa ń mọ́ra. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í mọ̀. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo jókòó sí igun ọ́fíìsì kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Òjò ti ń ṣú. Obìnrin tó wà níwájú mi ń ka ìwé kan tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́, ó ń tẹ orí sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ọwọ́ mi ń kà ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 100 lux. Kò dìde. Nígbà tó yá, ẹnì kejì rẹ̀ ti ìta wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin náà, inú òkùnkùn lẹ jókòó sí!" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí swíìṣì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìta tí ẹni yẹn ti ń bọ̀, bójú ọjọ́ tilẹ̀ ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lux ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì tíì bá yàrá mu.

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni swíìṣì sábà máa ń wà. Ẹni tó ń wọlé ti ń kọjá lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti jókòó gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ tì, kó sún àga sẹ́yìn, kó rìn lọ.

Ìgbà wo ni wọ́n máa ń pa á?

Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, pàápàá tí ibi tí wọ́n ń lọ bá máa pẹ́. Ẹni tó fẹ́ lọ mu omi kì í pa iná. Ẹni tó ń lọ sípàdé lè pa á. Ẹni tó ń lọ sílé sábà máa ń pa á. Bí àìsínílé bá ṣe gùn tó ni pípa iná ṣe máa ń pọ̀ sí i.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́yin tó ń ra sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bóyá èèyàn wà nínú yàrá, mọ̀. Lọ́dún 1996, Pigg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọ́fíìsì yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tí yàrá wọn ní ẹ̀rọ tó ń pa iná fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa iná mọ́ bí wọ́n bá ń jáde: nǹkan bí ìdajì ìgbà tí àwọn tí kò ní ẹ̀rọ ń pa á ni àwọn ń pa tiwọn. Wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kì í pa iná lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró fún bí ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 kó tó gbà pé yàrá ti ṣófo. Ẹni tó bá ṣírò èrè sẹ́ńsọ̀ láìyọ ohun tí ọwọ́ èèyàn ti ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ kúrò, èrè rẹ̀ á pọ̀ lórí ìwé ju bó ṣe máa rí lọ.

Bláìndì ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Rárá o. Ibí ni iṣẹ́ wà. Iná ní ẹnu ọ̀nà tó ń ránni létí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bláìndì ò ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìnira ló ń mú èèyàn dé ìdí rẹ̀, tí ìnira bá sì ti lọ, kò sóhun tó ń pe èèyàn padà.

Lọ́dún 1978, Rubin, Collins àti Tibbott, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò ilé láti ìta. Lẹ́yìn náà wọ́n yí bláìndì padà kúrò bí àwọn tó ni yàrá ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n wá ń wò ó bóyá àwọn òṣìṣẹ́ máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bláìndì tí a rí pé kò kúrò lójú kan fún oṣù kan kì í ṣe èyí tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ kó wà.

Rea náà ya fọ́tò ilé alájà mẹ́rìndínlógún kan ní Ottawa, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1984: láàárín ọjọ́ kan náà, bláìndì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilé tí fèrèsé kọjú sí ń sọ púpọ̀ nípa ibi tó máa wà. Lọ́dún 1988, Inoue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo wo ilé gíga mẹ́rin, wọ́n rí i pé èyí tó ju ìdá 60 nínú 100 lọ lára bláìndì ni ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n tún rí ohun kan tó wúlò gan-an: bí oòrùn bá ṣe wọ inú yàrá jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni bláìndì ṣe máa ń wálẹ̀ tó. Kì í ṣe bí oòrùn ṣe mú nìkan. Ibi tí ìtànṣán rẹ̀ balẹ̀ sí ńkọ́? Bó bá balẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bó bá gun orí tábìlì, tó dé ojú kọ̀ǹpútà, tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ á lọ sí okùn.

Ẹ máa rí iye oríṣiríṣi nínú ìwé. Newsham, lọ́dún 1994, lo 233 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóròó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n oòrùn tó máa ba ẹni tó jókòó tí yóò fi fa bláìndì wálẹ̀. Reinhart, nínú Lightswitch-2002, ìlànà ìṣirò tó ń sọ ìgbà tí èèyàn máa tan iná tàbí fa bláìndì, lo 50 wáàtì lórí mítà kan níbùú lóròó, lójú tábìlì. Ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí dẹ́rù bà yín. Ohun tí wọ́n wọ̀n yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n yàtọ̀, irú gíláàsì àti bláìndì náà yàtọ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í fi gbé e sókè nígbà tí oòrùn bá ti yí?

Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ti sọnù kì í dunni bí ìmọ́lẹ̀ tó ń gúnni lójú. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Lágogo 9, oòrùn gba igun fèrèsé wọlé, ó lu ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ò hàn mọ́. Òṣìṣẹ́ dìde, ó fa bláìndì wálẹ̀, yàrá ṣókùnkùn, ó tan iná. Lágogo 11, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé náà. Ta ló máa sọ fún un? Bláìndì ti bo ìta. Iná ń tàn, ojú tábìlì mọ́, iṣẹ́ ń lọ. Bó ṣe wà nìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, nígbà míì di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Okùn náà tún wà níbẹ̀. Mo ti rí ọ́fíìsì tí kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì dí ọ̀nà dé ibi okùn, tí èèyàn ní láti gun àga kó tó lè dé e. Mo ti rí èyí tí pẹlẹbẹ rẹ̀ mẹ́ta ti já, tí ẹni tó jókòó síbẹ̀ sọ fún mi pé bí òun bá gbé e sókè, òun ò mọ̀ bóyá ó tún máa wálẹ̀ mọ́. Kò sí ìṣirò tó máa mọ èyí bí a kò bá dé ibẹ̀ fi ojú wa rí i. Àwọn míì sì wà tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa wo àwọn láti ìta, pàápàá nísàlẹ̀ ilé tàbí níbi tí ilé kejì ti sún mọ́ tòsí. Tiwọn ò kan oòrùn rárá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe lo ìlà kan náà fún fífà wálẹ̀ àti gbígbé sókè. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì.

Kí ló yẹ ká wọ̀n?

Fún iná, ìmọ́lẹ̀ ojú tábìlì tó. Fún bláìndì, ojú tábìlì ò tó, nítorí ẹyinjú ni nǹkan ń ṣe. Oòrùn ọ̀sán gangan tí kò ní ìkùukùu lè tó 100,000 lux níta. Tábìlì tí wọ́n ní kó ní 500 lux wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì tí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wienold àti Christoffersen gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ lọ́dún 2006 tí wọ́n ń pè ní DGP, èyí tó ń wo ohun tó dé ojú ẹni tó jókòó, tó sì ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ìmọ́lẹ̀ náà máa ni ín lára. Lábẹ́ 0.35, ìnira rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bó bá kọjá 0.45, kò ṣeé fara dà. Ó dára gan-an, àmọ́ ó nílò kámẹ́rà àkànṣe níbi tí orí òṣìṣẹ́ wà, a kò sì lè gbé kámẹ́rà sí iwájú orí èèyàn lójoojúmọ́. Ohun tí mo sábà máa ń ṣe ni pé mo máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó dúró lóòró ní ìwọ̀n gíga ojú ẹni tó jókòó, tí mo sì ń ṣírò ibi tí oòrùn wà lójú ọ̀run ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ti oòrùn kì í yẹ̀. A lè mọ ibi tó máa wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìṣirò wo lẹ ń lò?

Èyí tó rọrùn jù ni ìlà tó tẹ̀ bí lẹ́tà S. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ fi bó ṣe ṣeé ṣe tó sí ẹ̀gbẹ́, láti 0 dé 1. Ẹ̀yin náà á rí i pé apá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣe nǹkan kan, apá kan wà tí gbogbo èèyàn á ṣe é, àárín sì ni iyàn wà. Wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní logistic regression.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rìn la ọjọ́ já ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa bèèrè: ṣé ẹnì kan wà nínú yàrá? Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, àbí ó ti wà níbẹ̀? Ipò wo ni iná àti bláìndì wà báyìí? Ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ló ń sọ ìlà tó máa lò. Bí ìlà náà bá sọ pé 0.3, kọ̀ǹpútà máa mú nọ́ńbà kan láìṣẹ̀ṣà láàárín 0 àti 1. Bó bá kéré sí 0.3, iná tàn. Nítorí náà, bí ẹ bá sáré ọdún kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èsì méjì lẹ máa rí. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ẹ sáré rẹ̀ nígbà púpọ̀ kẹ́ ẹ wá sọ pé láti ibí dé ibí ni owó iná máa wà. Ẹnjinníà tó bá sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún oníilé ti fi ìdánilójú tí kò ní lọ̀ ọ́.

Ibi tí Lightswitch-2002 ti ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé ó kó ohun tí Hunt rí, ohun tí Pigg rí, àti ohun tí Reinhart fúnra rẹ̀ àti Voss rí nínú ilé kan ní Weilheim nílẹ̀ Jámánì, sínú ìlànà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé.

Ṣé kò ní dáa ká kó gbogbo détà fún ẹ̀rọ tó ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́?

Ó lè ṣèrànwọ́ bí détà bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó ti tan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Ẹ mú ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń lò fún wákàtí 9 lójúmọ́. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìyẹn jẹ́ ìṣísẹ̀ 108 lójúmọ́, 540 ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ká ní wọ́n fọwọ́ kan bláìndì lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ náà. Àwòṣe, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ ohun tí èèyàn máa ṣe, tó bá kàn ń sọ ní gbogbo ìgbà pé "kò sóhun tó máa yí padà" máa gba 538 nínú 540, ìyẹn 99.6 nínú 100. Akẹ́kọ̀ọ́ á sáré wá, inú rẹ̀ á dùn, á ní àwòṣe òun kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀, kò sọ ohun kan ṣoṣo tí à ń wá.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bèèrè ohun mẹ́ta: nínú ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án lóòótọ́, mélòó lo rí? Nínú èyí tó o sọ pé wọ́n máa fọwọ́ kàn, mélòó ló ṣẹlẹ̀? Ní òpin oṣù, ṣé àpapọ̀ wákàtí tí bláìndì fi wà nílẹ̀ nínú àwòṣe sún mọ́ ti òótọ́? Fún ìṣirò owó iná, ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù.

Ṣé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bákan náà?

Ìka ò dọ́gba. Nínú yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí fèrèsé wọn kọjú síbì kan náà, ẹnì kan máa ń tún bláìndì ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹnì kejì ò fọwọ́ kan tirẹ̀ látìgbà tó ti kó débẹ̀. Reinhart pín wọn sí méjì: àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó tan iná, àti àwọn tó máa ń tàn án láàárọ̀ bó ti wù kí ojú ọ̀run rí. Ó pín ti bláìndì náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀ kẹ́ ẹ wá fa ìlà kan, ẹ máa rí ẹnì kan tí kò sí nínú ilé náà: ó ń gbé bláìndì sókè dé ìdajì, kò ṣe tẹni yìí, kò ṣe tẹni yẹn. Ó sàn kẹ́ ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ pé báwo ni ìlà wọn ṣe fọ́n ká tó.

Yàrá tí èèyàn 20 jọ wà ńkọ́?

Ó le gan-an ni. Swíìṣì kan lè jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹni tó wà nídìí fèrèsé ni oòrùn ń bá jà, òun ló ń fa bláìndì, ẹni tó wà láàárín yàrá sì wá di ẹni tó nílò iná. Ẹni tí kò sún mọ́ okùn kì í fẹ́ dìde lọ fà á láìbèèrè, kò sì fẹ́ dá ẹlòmíì dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti bèèrè. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ tó dé láàárọ̀ ló sábà máa ń pinnu bí yàrá á ṣe rí, ẹni tó kẹ́yìn jáde ló sì ń tú u. Ẹ fojú sí àwọn méjì yìí.

Báwo lẹ ṣe ń kó détà jọ, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó?

Ó kéré tán, ọdún kan, nítorí pé oòrùn kì í gba ibì kan náà wọlé ní gbogbo oṣù. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára jù. Haldi àti Robinson lo détà tó ju ọdún 6 lọ láti ilé LESO, ilé ọ́fíìsì yunifásítì kan ní Lausanne nílẹ̀ Switzerland, fún iṣẹ́ wọn lórí bláìndì tó jáde lọ́dún 2010, ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń gbọ́kàn lé e.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bí èèyàn bá wà nínú yàrá máa ń ṣìnà bí ẹni náà bá jókòó jẹ́ẹ́ tó ń kàwé; ooru ara tó ń rìn ló ń wò, ẹni tí kò mira lè dà bí ẹni tó ti jáde lójú rẹ̀. Ẹ sì rí i dájú pé aago gbogbo ẹ̀rọ bára mu. Mo pàdánù iṣẹ́ oṣù méjì rí nítorí pé aago kan fi wákàtí kan síwájú èkejì. Nínú détà mi, àwọn èèyàn ń fa bláìndì wálẹ̀ kí oòrùn tó dé.

Ṣé kò burú láti máa ṣọ́ òṣìṣẹ́ báyìí?

Ó burú, tí wọn ò bá mọ̀, tàbí tí détà bá lè dé ọwọ́ ẹni tó máa fi mọ ìgbà tí wọ́n ń pẹ́ dé. Ẹ sọ fún wọn, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn, ẹ yọ orúkọ kúrò, ẹ má sì fún ọ̀gá ní détà yàrá kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní ṣe iṣẹ́ tí wọn ò bá gba èyí.

Ṣé kò sàn ká jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe gbogbo rẹ̀?

Apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Bláìndì tó ń lọ sókè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ sílé lálẹ́ kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Iná tí ọwọ́ èèyàn ń tàn, tí ẹ̀rọ sì ń pa, dára ju èyí tí ẹ̀rọ ń tàn gbàrà téèyàn bá wọlé, torí pé lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá mọ́, ọ̀pọ̀ kì bá tí tàn án rárá.

Ibi tí ìjà wà ni bláìndì tó ń wálẹ̀ lójú èèyàn. Nínú ilé Weilheim tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, bláìndì aládàáṣe ló wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń gbé e padà sókè bí ó bá ti bo gbogbo ojú fèrèsé. Èèyàn máa ń fara da oòrùn tó pọ̀ díẹ̀ tó bá jẹ́ pé òun ló yàn án. Ẹ fi bọ́tìnnì síbẹ̀ tó máa borí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ náà sì gbà fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ó kéré tán fún ọjọ́ yẹn.

Ṣé mo lè lo àwòṣe tí wọ́n ṣe níbòmíì fún ilé tèmi?

Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń tan iná, pé bláìndì ń yá wálẹ̀ ju bó ṣe ń gòkè lọ, ìwọ̀nyí jọra láti ilé dé ilé. Iye nọ́ńbà ni kì í jọra. Àjọ IEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, kó àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ lórí ìṣe àwọn tó ń gbé inú ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí àjọṣe tí wọ́n ń pè ní Annex 66 lọ́dún 2013, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, Annex 79, lọ́dún 2018. Títí di báyìí, kò sí àwòṣe kan tó bá gbogbo ilé mu.

Bí ẹ bá ń ṣe ìṣirò ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tí ẹ ò sì ní détà kankan, ẹ wo ìlànà LM-83 tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012: bí oòrùn tààrà tó tó 1,000 lux bá bo ju ìdá 2 nínú 100 ojú ilẹ̀ yàrá lọ, kí ẹ gbà pé bláìndì ti wálẹ̀. Èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ìlànà náà ń gbé e padà sókè lọ́gán tí oòrùn bá kúrò. Síbẹ̀ ó sàn ju kí ẹ gbà pé bláìndì ò ní wálẹ̀ láéláé.

Mi ò ní sẹ́ńsọ̀, mi ò sì ní owó rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ lọ dúró níta, níbi tí ẹ ti lè rí ojú ilé náà dáadáa. Ẹ ya fọ́tò kan lágogo 9, òmíràn lágogo 12, òmíràn lágogo 3, láti ibì kan náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ojú ọjọ́ sílẹ̀: oòrùn, ìkùukùu, òjò. Nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye fèrèsé, ẹ ka iye tí bláìndì bò dé ìdajì, iye tó bò tán, àti iye tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nígbà tí oòrùn bá ti yí ipò padà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fèrèsé márùn-ún tí kò yí padà rárá nínú gbogbo fọ́tò náà, ẹ wọlé lọ bá àwọn tó jókòó sí ìdí wọn, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ sì bèèrè ohun tó dé.